Orúkọ Táyà Kọ́ Ló Ń Sáré

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ onímọ́tò, àwọn fọganáísà àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyí, lórí bí a ṣe ń fi táyà wé táyà fún eré dírágì, eré ọkọ̀ tí a ń sá lọ tààrà. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́, àfi ibi tí iná ti lọ tí a fi dúró kí wọ́n lọ tan jẹnẹrétọ̀.

Ẹ káàsán o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru. Alága wa, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin bàbá wa nínú iṣẹ́ táyà, ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi ẹnu gé rọ́bà kí wọ́n tó bí mi, mo yíká ọ̀tún, mo yíká òsì. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti Tàkíé wá, ẹ ò ní fi ọjà yín ṣòfò lónìí. Ẹ̀yin ọmọ LAUTECH tí ẹ to ọkọ̀ yín síta bí ẹni fẹ́ tà á, mo rí yín, mo sì kí yín.

Ògbómọ̀ṣọ́ Àjílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ̀kà kí wọ́n tó mùkọ yangan! (Wọ́n pariwo.) Ẹ ṣeun. Mo fẹ́ràn oríkì yẹn fún ọ̀rọ̀ tòní. Ìlú mìíràn á kọ́kọ́ mu nǹkan fúyẹ́ kí wọ́n tó kan òkèlè. Èyí tó wúwo làwa fi ń bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni eré tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí rí: ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló wúwo jù, ìyókù dà bí ẹ̀kọ mímu.

Ẹ ti mọ̀ mí. Táyà ni mò ń tà. Iṣẹ́ fọganáísà ni mo kọ́ ní ìlú yìí, lábẹ́ igi máńgòrò, kí n tó rí ọ̀nà lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò ní ṣọ́ọ̀bù táyà kan ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ọ̀gá mi níbẹ̀, òyìnbó kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní Mustang àtijọ́ kan. Bó bá di Sátidé, àá gbé e lọ sí pápá Atlanta Dragway, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Commerce. Wọ́n ti ti pápá náà pa ní 2021, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa fífi táyà wé táyà, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Ọ̀gá mi ń náwó, èmi ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Kí ló ń jẹ́ eré dírágì? Ọkọ̀ méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iná á tàn, wọ́n á sáré lọ tààrà. Kò sí kọ́ọ̀nà. Kò sí kòtò. Ẹsẹ̀ bàtà 1,320 ni, ìyẹn ìdá mẹ́rin máìlì, bíi mítà 402. Àwọn pápá mìíràn máa ń sá ìdajì rẹ̀, 660. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló jẹ. Ó tán. Ọmọ ọdún márùn-ún lè ṣàlàyé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n tó tẹ̀síwájú, kí n sọ èyí kí ó kúrò nílẹ̀. Àwọn kan nínú yín ń sá eré yìí lóru lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Mo mọ̀ yín. Ẹ má wo ilẹ̀. Ọ̀nà tí tírélà gbé ń dúró láìtan iná, tí ọlọ́kadà ń gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ bọ̀, ibẹ̀ lẹ fẹ́ fi ṣe pápá? Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí Wally Parks dá NHRA, ẹgbẹ́ eré dírágì, sílẹ̀ ní 1951, ohun tó ń dun òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé àwọn ọ̀dọ́ ń pa ara wọn lójú títì. Wọ́n kó wọn lọ sí orí ilẹ̀ tí wọ́n dí, tí ẹlòmíràn kò gbà kọjá. Gbogbo ohun tí mo máa sọ lónìí, ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo ń bá wí: ibi tí ẹni tó nilẹ̀ yọ̀ǹda, tí a dí pa, tí ọkọ̀ aláìsàn wà ní tòsí. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ mi sáré lójú títì, èmi kọ́ ló rán an. Asárétete ò ní kọjá ilé, arìngbẹ̀rẹ̀ ò ní sùn sọ́nà.

Ó yá. Ìkíní.

Níbo gan-an ni táyà ti ń ṣiṣẹ́ nínú eré yìí? Ẹ wo gbọ̀ngàn yìí. Láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí mo dúró sí, ẹ jẹ́ ká pè é ní mítà 18. Ìyẹn ni ẹsẹ̀ bàtà 60. Ní pápá eré, ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń ka àkókò tí ọkọ̀ fi dé ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ táyà wà. Lẹ́yìn ibẹ̀, ẹ́ńjìnnì ló ń ṣiṣẹ́ jù. Níbẹ̀, táyà ni. Bí ọkọ̀ rẹ bá lágbára bí erin tí táyà rẹ sì ń yí lójú kan, erin tó wà lórí epo ni.

Àwọn àgbà eré ní Georgia máa ń sọ pé bí o bá rí ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá jèrè níbi ẹsẹ̀ bàtà 60, wàá rí bí ìlọ́po rẹ̀ kan àbọ̀ tàbí méjì ní ìparí. Mo kọ tiwa sínú ìwé fún ọdún mẹ́sàn-án, kò fi bẹ́ẹ̀ yà sí i.

Ẹ gbọ́ ìtàn kan. Sátidé kan, ọ̀gá mi ra táyà tuntun, orúkọ ńlá. Gbogbo ẹni tó kọjá ló ń fọwọ́ pa á lára. Eré àkọ́kọ́, ó fi ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nídìí iná, ó sì jẹ. A hó! Ó yọ orí lójú fèrèsé, ó ní, ṣé mo ti rí ohun tí owó ń ṣe báyìí? Mo lọ gba ìwé péńpé tí wọ́n máa ń tẹ̀ jáde fún oníkálukú. Ẹsẹ̀ bàtà 60: ìṣẹ́jú-àáyá 2.04. Mo ṣí ìwé mi. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, táyà àtijọ́ tó ti jẹ dé ìdajì: 1.96.

Ṣé ẹ gbọ́ mi? Táyà tuntun tó jẹ eré náà lọ́ra ju àtijọ́ lọ.

Báwo ló ṣe wá jẹ? Ẹni kejì ló sùn. Iná tàn, ó ṣì ń ronú. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín: ní irú pápá bẹ́ẹ̀, aago rẹ kì í bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná bá tàn. Ìgbà tí táyà iwájú rẹ bá kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ tó wà nílẹ̀ ni aago bẹ̀rẹ̀. Bí o bá pẹ́ kí o tó gbéra, wọ́n á kọ ìyẹn lọ́tọ̀. Nítorí náà ènìyàn lè lọ́ra kí ó jẹ, ó sì lè yára kí ó fìdí rẹmi. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá wá sọ fún ọ pé, "Táyà yìí dáa, mo fi na lágbájá," bi í léèrè pé mélòó ni ẹsẹ̀ bàtà 60. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ìròyìn ìjà ló ń sọ fún ọ, kì í ṣe ti táyà.

Mo máa padà sórí 2.04 yẹn. Ẹ fi í sápò.

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ìkejì, orúkọ, nítorí òun lẹ tìtorí ẹ̀ wá. Mo ti rí àwọn tó mú bírò lọ́wọ́ pé kí n kàn sọ èyí tó dára jù kí àwọn máa lọ.

Ta ló mọ Goodyear? (Wọ́n nawọ́.) Ta ló mọ Charles Goodyear? (Ọwọ́ méjì.) Ẹ̀yin fọganáísà, ó yẹ kí gbogbo yín nawọ́. Ọkùnrin yìí ló ṣàwárí ní 1839 pé bí a bá fi imí-ọjọ́ pọ̀ mọ́ rọ́bà tí a sì fi iná sí i, kò ní yọ́ nínú oòrùn mọ́, kò sì ní le gbagidi nínú òtútù. Iṣẹ́ tó ṣe yẹn ni wọ́n ń pè ní vulcanization, ara rẹ̀ ni orúkọ tiyín náà, fọganáísà, ti jáde. Inú gbèsè ló kú sí ní 1860. Ọdún 38 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1898, ni àwọn kan dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Akron, ní Ohio, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́. Kò bá wọn pò ó, kò bá wọn tà á, ọmọ rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀ níbẹ̀ nítorí orúkọ. Orúkọ lásán ni wọ́n mú. Mi ò sọ pé táyà wọn ò dára o. Tiwọn ni àwọn ọkọ̀ tó lágbára jù lọ nínú eré NHRA ń lò. Mò ń sọ pé orúkọ ara táyà àti ẹni tó wà nídìí rẹ̀, nígbà mìíràn wọn ò mọra.

Ẹ wo Mickey Thompson. Òun ní tirẹ̀ sáré lóòótọ́. Ní 1960, ó gbé ọkọ̀ oní-ẹ́ńjìnnì mẹ́rin kan sórí ilẹ̀ iyọ̀ Bonneville ní Utah, eré rẹ̀ dé ìwọ̀n 406 máìlì ní wákàtí, ó lé díẹ̀. Ìyẹn bíi kìlómítà 654. Ọkọ̀ náà bàjẹ́ kó tó sá ìpadàbọ̀ rẹ̀, wọn ò sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí olúborí ayé, torí òfin ni pé wàá lọ, wàá bọ̀. Ẹ fojú inú wo irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ táyà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Cooper ní 2003. Goodyear sì ra Cooper ní 2021. Hoosier ńkọ́, ti Indiana, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1957? Láti 2016, Continental ti Jámánì ló ni í. Nitto? Ilé Toyo ti Japan ni. Ẹ̀yin ń jà lábẹ́ igi pé Mickey Thompson ju Goodyear lọ, àpò kan náà ni owó yín ń bọ́ sí!

Bẹ́ẹ̀ ilé wa náà rí. Ẹ̀yin àgbà rántí ìgbà tí a ń ṣe táyà nílẹ̀ yìí, Dunlop ní Ìkẹjà, Michelin ní Port Harcourt. Michelin ṣíwọ́ ní 2007, Dunlop ní 2008. Láti ìgbà náà, bí ẹnìkan bá ní "Dunlop làwa máa ń rà nílé wa," mo máa ń bi í pé: Dunlop tibo?

Nítorí náà, kí ẹ tó bèèrè orúkọ, ẹ bèèrè irú. Irú ló ṣáájú. Táyà ìgboro wà, èyí tí gbogbo wa ń lò. Táyà kan wà tí wọ́n ń pè ní drag radial: ó rọ̀ ju ti ìgboro lọ, kòtò ojú rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kọ DOT sí i lára, ìyẹn àmì pé òfin Amẹ́ríkà gbà kí o fi í jáde lójú títì. Lẹ́yìn náà ni sílíìkì, tí ojú rẹ̀ pá bí orí mi yìí. Ti pápá nìkan ni. Ẹni tó bá fi sílíìkì jáde nínú òjò, kó ti sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀.

Nínú ilé kan ṣoṣo, ẹ lè rí gbogbo rẹ̀. Mickey Thompson ń ṣe ET Street S/S, tí kòtò ojú rẹ̀ ṣì pọ̀ díẹ̀, tí o lè wà dé pápá. Ó ń ṣe ET Street R, tó súnmọ́ sílíìkì. Ó ń ṣe ET Drag, tó jẹ́ sílíìkì pátápátá. Orúkọ kan náà, iṣẹ́ mẹ́ta. Bí ẹnìkan bá wá sọ pé "Mickey Thompson ju Nitto lọ," ó dà bí ẹni sọ pé ilé kan ju ilé kejì lọ láìsọ ọmọ wo. Ọ̀gá mi lo NT555R ti Nitto fún ọdún méjì. Kò gbá ilẹ̀ mú tó ET Street R, ṣùgbọ́n ó fi í lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, kò sì tètè jẹ. Èwo ló dára jù nínú méjèèjì? Ọkọ̀ tó ń lọ síbi iṣẹ́ ni, àbí ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé sórí tírélà lọ sí pápá? Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ èrò tèmi, èyí tí àwọn kan ò ní fẹ́: bí a bá mú irú kan náà, ìwọ̀n kan náà, nínú àwọn ilé tó mọ iṣẹ́ yìí, Mickey Thompson, Hoosier, M&H, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn nínú ìwé mi kéré sí ìyàtọ̀ tí afẹ́fẹ́ inú táyà ń mú wá.

Nǹkan kan ṣì wà lábẹ́ irú. Okùn inú táyà. Ti rédíálì ń ti ẹ̀gbẹ́ kan lọ tààrà sí èkejì. Ti bias ń dábùú ara wọn bí òwú inú aṣọ. Bí ọkọ̀ bá gbéra, ẹ̀gbẹ́ sílíìkì bias á wú, á ká, á ṣù bí aṣọ tí a lọ́, ó ń gba ìpayà agbára yẹn mọ́ra. Ọkọ̀ oníjíà ọwọ́, tí ẹsẹ̀ ń já kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì lójijì, ó máa ń fẹ́ irú èyí. Rédíálì ń yí fúyẹ́, ó sì máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ lápá ìparí, ṣùgbọ́n bó bá ti yọ̀ báyìí, kì í fẹ́ padà di ilẹ̀ mú. Ẹ má ṣe fi bias sẹ́yìn kí ẹ fi rédíálì síwájú o. Bí eré bá ga, ọkọ̀ á máa jó, ẹ̀yin ò sì ní lù fún un.

Ìwọ̀n náà ńkọ́? Kí n yára kọjá níbẹ̀. Táyà tó ga ní íǹṣì 26 á yí bí ìgbà 194 kó tó parí mítà 402. Táyà íǹṣì 28 á yí bí 180. Ìyẹn ni pé bí o bá gbé táyà gíga wọlé, ó dà bí ẹni pé o pààrọ̀ jíà láìfọwọ́ kan jíà. Ọkọ̀ á wúwo nígbà tó bá ń gbéra, géèjì eré iwájú rẹ á sì máa purọ́ fún ọ. Ẹni tó fi táyà gíga ti ilé kan wé táyà kúkurú ti ilé kejì, jíà ló fi wé jíà.

(Ibí ni iná ti lọ.)

Ẹ kú sùúrù. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ inú táyà ló kàn, a ò sì rí afẹ́fẹ́ fáànù. Ìkẹta nìyí, òun ni mo sì fẹ́ràn jù.

Ẹ rántí 2.04? Ọ̀gá mi gbé táyà tuntun wọ ọkọ̀, ó sì fi afẹ́fẹ́ tí táyà àtijọ́ fẹ́ràn sí i: 22 lórí géèjì afẹ́fẹ́. Mo ní kó jẹ́ ká tú díẹ̀. Ó ní owó tó tó yẹn, kò yẹ kí ó tún máa béèrè nǹkan. Mo bẹ̀ ẹ́. A tú u sí 20: 1.97. A tú u sí 18: 1.91. 17: 1.88. A tú u sí 15, ó padà sí 1.93, ọkọ̀ sì ń mì lápá ìparí. A dá a padà sí 17. Táyà kan náà, ọkọ̀ kan náà, ọ̀sán kan náà. Láti 2.04 dé 1.88. Ká ní a lọ sílé lẹ́yìn eré àkọ́kọ́, màá ti dúró níwájú yín lónìí máa ba táyà náà lórúkọ jẹ́.

Kí ló fà á? Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, àárín táyà nìkan ló ń fọwọ́ kan ilẹ̀. Bó bá dín díẹ̀, táyà á tẹ́, ara rẹ̀ tó kan ilẹ̀ á pọ̀ sí i. Bó bá dín jù, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nìkan ló ń tẹ̀ ẹ́, àárín á gbé sókè. Drag radial lórí ọkọ̀ bíi ti ọ̀gá mi máa ń fẹ́ láti 14 sí 20. Sílíìkì bias lè lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti táyà ìgboro yín, ẹ má bá mi débẹ̀. Ẹ máa dín in ní méjì-méjì, ẹ máa wo aago, ẹ má sì sọ̀ kalẹ̀ jìnnà sí ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Kí ẹ sì fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó kúrò ní pápá! Ọmọkùnrin kan tí mo mọ̀ nílé níbí, a jọ ṣe ìdánwò lórí ilẹ̀ kan tí wọ́n yọ̀ǹda fún wa. Ó gbàgbé. Ó fi táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ò pé wà á lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀gbẹ́ táyà ń ká, ó ń nà, ó ń ká, ó ń nà, ooru ń kó jọ sínú rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó dé Odò Ọbà ni ó bẹ́. Ọlọ́run yọ ọ́. Ó pè mí lórí fóònù, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Bọ̀dá, táyà yẹn ò dáa." Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dárí jì mí.

Ooru kan wà tó wúlò, ooru ṣókí. Ẹ ti rí i nínú fídíò: wọ́n á yí táyà lójú kan nínú omi títí èéfín á fi bo gbogbo ilẹ̀. Sílíìkì ni ìyẹn wà fún. Ó ń fọ ojú rẹ̀, ó ń mú un gbóná kí ó lẹ̀. Táyà ìgboro kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá dáná sun ún, á yọ̀ bí ilá. Ẹ yí i díẹ̀ kí iyanrìn kúrò lójú rẹ̀, ó ti tó. Ẹ má sì gbé e gba inú omi; kòtò ojú rẹ̀ á pọn omi náà dé ibi tí ẹ ti fẹ́ gbéra, ẹni tó wà lẹ́yìn yín á sì gbé yín ṣépè.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilé. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín wà níta, mo yí gbogbo wọn ká kí n tó wọlé.

Mo rí Camry kan. Mi ò ní sọ àwọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ni í ra táyà méjì fífẹ̀, olówó ńlá, ó sì fi wọ́n sẹ́yìn. Sẹ́yìn! (Ẹ̀rín.) Ẹ má rẹ́rìn-ín jù, fídíò Amẹ́ríkà ló wò. Mustang tí wọ́n fi ń sáré níbẹ̀, ẹ̀yìn ló fi ń ti ara rẹ̀. Camry, Corolla, Civic, iwájú ni wọ́n fi ń fa ara wọn. Olówó ńlá tó wà lẹ́yìn yẹn, wọ́n kàn ń wọ́ ọ tẹ̀ lé iwájú bí ọmọ ọba tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn. Táyà tó bá máa gbá ilẹ̀ mú, ibi tí agbára wà ni kí ó wà. Ó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí ọkọ̀ bá gbéra, ìwúwo rẹ̀ ń sún sẹ́yìn, iwájú ń fúyẹ́ nígbà tó yẹ kó wúwo. Ìdí nìyẹn tí àwọn onífàmọ́ra iwájú fi ń dín afẹ́fẹ́ iwájú, tí wọ́n sì ń fún ẹ̀yìn ní afẹ́fẹ́ dáadáa kó lè máa yí fúyẹ́.

Mo rí òmíràn. Táyà Tòkunbọ̀, orúkọ tí gbogbo ayé ń bọlá fún, ojú rẹ̀ kò tíì jẹ rárá. Ọmọ náà yọ̀ mọ́ mi, ó ní òun rí i ra ní pọ́ọ́kú. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wá DOT, mo ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn: 3512. Ọ̀sẹ̀ 35, ọdún 2012. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Bí ìgbà tí mo tẹ tábìlì. Rọ́bà máa ń gbó bó bá tilẹ̀ wà lórí pẹpẹ. Ó ń le, ó ń gbẹ. Kọ́sítọ́ọ̀mù ti fòfin de kíkó irú táyà ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ wọlé, síbẹ̀ ó kún ọjà, ẹ̀yin náà mọ ibi tí ẹ ti ń rí i. Fún eré gbígbé, táyà tuntun tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀ rí, tó rọ̀, á fi baba orúkọ tó ti gbẹ yẹn sílẹ̀. Fún ẹ̀mí yín pẹ̀lú.

Wọ́n á ní, Bọ̀dá, báwo la ṣe máa mọ èyí tó rọ̀? Lára táyà ìgboro, nọ́ńbà kan wà tí wọ́n kọ "treadwear" sí. Bí nọ́ńbà bá kéré, bíi 200, ó sábà máa ń rọ̀, á sì tètè jẹ. Bó bá jẹ́ 500, ó le, ó máa pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà ló ń fi nọ́ńbà yẹn fún ara rẹ̀. Èyí tó ti inú ilé kan náà jáde nìkan ló yẹ ká fi í wé. 300 ti ilé kan lè rọ̀ ju 260 ti ilé kejì lọ. Oníkálukú ló ń ka iye ọmọ tirẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa wá fi táyà wé táyà? Ẹ ra ìwé 40 ojú-ewé. Ẹ kọ orúkọ, ìwọ̀n, ọjọ́ orí, afẹ́fẹ́ nígbà tó tutù, wákàtí, bí oòrùn ṣe rí, àkókò. Ẹ pààrọ̀ nǹkan kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó pààrọ̀ táyà, tó tún pààrọ̀ epo, tó tún yọ àga ẹ̀yìn, èwo ló máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Kí ẹ sì ṣe ohun tí ọ̀gá mi kórìíra jù: bí ẹ bá ti sá ẹ̀ẹ̀mẹta pẹ̀lú táyà àkọ́kọ́, tí ẹ sá ẹ̀ẹ̀mẹta pẹ̀lú ìkejì, ẹ tú u, kí ẹ dá táyà àkọ́kọ́ padà, kí ẹ tún sá. Ó ń gba òógùn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kọ́ ni ilẹ̀ aago méjì ọ̀sán, pàápàá ní ìlú tiwa yìí. Nígbà kan, táyà ìkejì na ti àkọ́kọ́ ní ìdá mẹ́wàá. A dá ti àkọ́kọ́ padà, òun náà sá iye kan náà. Ilẹ̀ ló ti gbóná, táyà kọ́ ló dára.

Mo ti sọ̀rọ̀ tó. Ẹ bi mí ní ìbéèrè.

Màmá kan ló kọ́kọ́ dìde, láti ẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ kú làálàá. Gbogbo orúkọ tí ẹ dá yìí, èmi ò mú ìkan. Ọmọ mi ni ó mú mi wá. Èwo ni kí n rà fún un?"

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń wà?"

Ó ní Corolla ni, ó wà níta.

Mo ní, "Ẹ kọ́kọ́ ra géèjì fún un, mà."

Gbogbo ilé dàrú. Mo mú géèjì tèmi nínú àpò, a jọ jáde. Oòrùn ti wọ̀ díẹ̀, ọkọ̀ ti tutù. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ń pe nọ́ńbà, èkejì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Táyà mẹ́rin, orúkọ mẹ́rin. Iwájú ọ̀tún 41. Iwájú òsì 27. Ẹ̀yìn ọ̀tún 36. Èyí tó kù, ìdérí ẹnu rẹ̀ ti sọnù, iyanrìn ti dí i, a ò rí i kà.